Ìdìbò Abẹ́lé Ti Lọ, Àríyànjiyàn Ò Lọ: Ìbéèrè Yín Láti Ilẹ̀ Òkun

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú PDP ti dìbò abẹ́lé rẹ̀ láti mú olùdíje ààrẹ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, tí APC sì ṣe tirẹ̀ ní Eagle Square, Àbújá, láàárín ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2022, lẹ́tà tó ń wọlé sí wa láti Kàbà, Ìyàrá, Mọ́pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ́ àti Odò-Ẹrẹ nílẹ̀ Òkun, ibùgbé àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, kò dáwọ́ dúró. Ìbínú ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, èpè tí a kò lè tẹ̀ jáde sì wà pẹ̀lú. A ṣa àwọn tó kan gbogbo wa, a sì gé èyí tó gùn jù kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ kàn bú olùdíje kan láìbéèrè ohunkóhun, ẹ ṣeun, a ti kà á.

Ìbéèrè: Níbi ìnáwó ìsìnkú kan ládùúgbò wa ni a ti ń gún iyán nígbà tí ọ̀rọ̀ Eagle Square bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ọmọ Yorùbá tí kò bá tẹ̀ lé Tinúbú kì í ṣe ọmọ bíbí inú Yorùbá. Èkejì ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣínbàjò ni òun fẹ́, pé ṣé òun náà kì í ṣe Yorùbá ni. Ẹ̀kẹta ní Yahaya Bello, gómìnà Kogí nígbà náà, ló yẹ ká dúró tì, nítorí pé ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa. Wọ́n gbé ọmọ odó dúró, wọ́n ń nawọ́ síra wọn, títí iyán fi tutù, tó di kókó, tí a fi ní láti se iṣu mìíràn. Ta ló jàre nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìyàrá)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Ìyá wa. Olúkúlùkù wọn ló ní ẹ̀tọ́ sí èrò ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ yìí, nítorí pé Tinúbú, Ọṣínbàjò, Fáyẹmí, Amósùn, Báńkọ́lé àti Pásítọ̀ Bákàrè, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì gba fọ́ọ̀mù. Nígbà tí Fáyẹmí, Amósùn àti Báńkọ́lé juwọ́ sílẹ̀ fún Tinúbú níwájú gbogbo ayé, àdéhùn òṣèlú ni wọ́n ṣe níbẹ̀, irú èyí tí Akpabio tí kì í ṣe Yorùbá náà ṣe. Ẹ tún rántí pé nígbà tí Tinúbú sọ ọ̀rọ̀ "Èmi ló kàn" tí gbogbo ọmọdé wá ń fi ṣeré, ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láti Ògùn ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí ìbò wà lọ́wọ́ wọn ló lọ bá.

Ẹni kẹta tó ní ká dúró ti ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ó yẹ ká bi í ní ìbéèrè tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, wọn kò tíì dìbò yan ọmọ Òkun kankan sípò gómìnà. Clarence Ọláfẹ́mi tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà kàn di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2008 ni. Bí ìṣọ̀kan ìpínlẹ̀ bá jẹ́ ohun tí à ń bọ, kí á máa bọ ọ́ ní Lọ́kọ́ja pẹ̀lú, kì í ṣe ní Àbújá nìkan. Ìbò 47 ni Yahaya Bello sì ní nígbà tí wọ́n kà á tán. Aṣojú 63 ló wá láti Kogí, ṣùgbọ́n nítorí pé ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ibi tí ìbò 47 yẹn ti wá.

Lójú tèmi, èkejì ló sún mọ́ ọ̀nà jù, bí ó bá lè sọ ohun tí ó rí nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà, tí kò fi dúró sórí pé Yorùbá ni òun náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà nídìí odó yẹn: kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ìbò lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo ní káàdì ìdìbò alálòpẹ́. Kí ló dé tí n kò lè dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé, tí àwọn èèyàn kéréje sì mú olùdíje fún mi? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Àbúrò wa, káàdì tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, fún ọ wà fún ìdìbò gbogbogbòò. Ìdìbò abẹ́lé jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú fúnra rẹ̀, INEC kàn ń lọ wò ó ni. Òfin Ètò Ìdìbò tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022 fi ọ̀nà mẹ́ta lélẹ̀ ní abala 84: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò tààrà, kí aṣojú bá wọn dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹnì kan, èyí tó jẹ́ pé gbogbo olùdíje yòókù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé pé àwọn yọwọ́. (Ìdí nìyẹn tí orúkọ Ahmad Lawan tí alága APC gbé jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà pé òun ni àfẹnukò kò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn gómìnà kò gbà, àwọn olùdíje kò yọwọ́.) Aṣojú ni ẹgbẹ́ méjèèjì tó tóbi jù nígbà náà mú. APC gba aṣojú mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,322 káàkiri orílẹ̀-èdè; nínú ìbò wọn, Tinúbú ní 1,271, Amaechi ní 316, Ọṣínbàjò ní 235, Lawan sì ní 152. PDP gba aṣojú kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aṣojú àwọn akanda ẹ̀dá kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Atiku ní 371, Wike ní 237, lẹ́yìn tí Tambuwal ti juwọ́ sílẹ̀ fún Atiku lórí pápá. Àwọn gómìnà àti sẹ́nétọ̀ tí ipò wọn máa ń fún ní ìbò tẹ́lẹ̀ kò rí ìbò dì lọ́tẹ̀ yìí, nítorí bí wọ́n ṣe kọ òfin náà, ṣùgbọ́n má ṣe káàánú wọn púpọ̀: ẹni tó yan aṣojú kò nílò láti dìbò fúnra rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ méje ló wà ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Kogí: Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ́pàmúró, Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, Lọ́kọ́ja àti Kogí. Ẹni mọ́kànlélógún ló lọ ṣojú wọn fún APC, ẹni méje fún PDP. Nínú gbogbo lẹ́tà tí a gbà, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, èyí tó bú Tinúbú àti èyí tó kì í, kò sí ẹyọ kan tó dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó lọ dìbò lórúkọ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìlà-Oòrùn Yàgbà tìrẹ ní mẹ́ta nínú APC àti ọ̀kan nínú PDP. Ta ni wọ́n? Nígbà tí wọ́n ń yàn wọ́n nínú oṣù Karùn-ún, kò sí ariwo kankan ní ojú pópó, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni èrò rẹ ìbá ti wúlò.

Ìbéèrè: Ní ọdún 1993, wọ́ọ̀dù la ti bẹ̀rẹ̀ ìdìbò abẹ́lé. Àwọn ọmọ mi wá ń sọ pé ìdìbò abẹ́lé kì í ṣe ohun tó yẹ kí àgbà fi gbóná, pé kí n dúró de ọjọ́ ìdìbò gan-an. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Kàbà)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida fagi lé ìdìbò abẹ́lé ọdún 1992 ni wọ́n gbé ètò tí wọ́n pè ní Option A4 dé, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó tó dé ìjọba ìbílẹ̀, kó tó dé ìpínlẹ̀, kó tó wá dé ìpàdé gbogbogbòò. Ọ̀nà yẹn ni Abíọ́lá gbà dé Jos nínú oṣù Kẹta ọdún 1993, tó fi borí Kingibe àti Atiku nínú ẹgbẹ́ òṣèlú SDP. Ará wọ́ọ̀dù rí ẹni tí wọ́n ń yàn lójú, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa bi léèrè.

Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ yín, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà tó Jos. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kogí ní ọdún 2015. Abubakar Audu ló gba ipò kìíní nínú ìdìbò abẹ́lé APC fún ipò gómìnà nígbà náà, Yahaya Bello ló gba ipò kejì. Audu mú James Fálékè, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdè ní Ìjùmú, gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Nígbà tí a dìbò ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, Audu àti Fálékè ló wà níwájú nínú èsì tí wọ́n ń kà. Ní ọjọ́ kejì, Audu papò dà. INEC ní ìdìbò náà kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Òkun gbà pé Fálékè ni yóò bọ́ sípò náà, nítorí pé orúkọ òun àti Audu ni aráàlú fi ìka tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gbé Bello wá, wọ́n ní òun ló gba ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé. Wọ́n ṣe àtúndì ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Bello jókòó sí Lugard House, ilé ìjọba Kogí, ní oṣù Kìíní ọdún 2016, Fálékè pe ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ilé ẹjọ́ náà sì dá a nù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Orúkọ Bello kò sí lára ohun tí àwa olùdìbò ń rò lọ́jọ́ tí a tò sórí ìlà. Ìbò àwọn aṣojú díẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀ fi fi í sípò kejì, ló wúwo ju ti gbogbo wa lọ nígbẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà bá lè pe ìdìbò abẹ́lé ní ohun kékeré, kò yẹ kó jẹ́ ọmọ Kogí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní gbogbo ènìyàn ló ń dìbò abẹ́lé níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá kan, Ẹ̀gbẹ́)

Ìdáhùn: Ó súnmọ́ òótọ́, Ìyá wa. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀: àwọn kan ní àfi ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, àwọn mìíràn gba ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan láyè. Ní ọdún 2008 tí Obama àti Hillary Clinton jọ ń du ipò nínú ẹgbẹ́ Democrat, ọ̀rọ̀ gbóná níbẹ̀ ju tiwa lọ. Ní Iowa, ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, ńṣe ni àwọn ará àdúgbò pé jọ, tí wọ́n ń dúró sápá ibi tí ẹni tí wọ́n fẹ́ wà, lójú ara wọn. Obama borí, Clinton ṣe ipò kẹta. Ní ọjọ́ 8, ní New Hampshire, àwọn tó ń wádìí èrò aráàlú ti ń sọ pé Obama ni yóò tún borí. Clinton ló borí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwádìí èrò wá bá yín pé gbogbo ilẹ̀ Òkun fẹ́ ẹnì báyìí, ẹ bi í pé àwọn wo ló bá sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹfà ni Clinton tó gbà pé òun ti fìdí rẹmi. Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, àwọn olùdíje ní láti máa wá bá aráàlú ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Tiwa kò ju òru kan lọ lórí pápá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní dọ́là ni wọ́n pín fún àwọn aṣojú. Ṣé kí á gbé wọn ṣépè ni, àbí kí àwa náà lọ di aṣojú? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Mọ́pà)

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ dọ́là yìí ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé nígbà náà, a kò sì rí ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀ lákòókò yẹn. Èyí tó hàn gbangba ni owó fọ́ọ̀mù ọdún 2022: mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ní APC, mílíọ̀nù lọ́nà ogójì ní PDP. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ kankan kò ní lọ fi ẹnu lásán bá aṣojú sọ̀rọ̀. Ẹ fi èpè sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ di aṣojú nítorí pé ẹ fẹ́ gba tiyín, ẹ má dá ara yín láàmú láti kọ̀wé sí wa mọ́.

Ìbéèrè: Ìdìbò abẹ́lé ti parí. Ṣé a lè pe ẹgbẹ́ lẹ́jọ́? Kí ló kù fún wa? (Àgbẹ̀ kan, Odò-Ẹrẹ)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Abala 84 òfin ọdún 2022 náà sọ pé olùdíje tí inú ń bí nìkan ló lè gbé ẹgbẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán àti aráàlú kò sí níbẹ̀. Ìdìbò ààrẹ tó tẹ̀ lé e wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni òfin sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kó fún INEC kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè nígbà mìíràn, kó lọ bá alága wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ tó wù ú láti gba káàdì ẹgbẹ́, kó sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé lójú òun. Bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ alága náà, ẹ bá wa béèrè orúkọ àwọn mẹ́ta tó lọ sí Àbújá láti Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà.