Páì oní-makaróní ti Skọ́tlándì: ṣé oúnjẹ ọdún ni?

Ìbéèrè: Àbúrò mi tó ń kàwé ní Aberdeen fi àwòrán páì kan ránṣẹ́ sí mi, makaróní àti wàràkàṣì ló kún inú rẹ̀. Ṣé oúnjẹ ọdún wọn ni? Kí ló dúró fún, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Kò sí ọdún kankan níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn ilé búrẹ́dì ń tà á. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ń rà á, akẹ́kọ̀ọ́ ń rà á lọ́sàn-án, àwọn tó lọ wo bọ́ọ̀lù sì ń jẹ páì lórí ìdúró pẹ̀lú Bovril, omi ẹran gbígbóná tí wọ́n ń mu nínú ife. Bí ó bá dúró fún nǹkan kan, kò ju pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Scotch pie. Ẹran àgùntàn lílọ̀ tí ata ta nínú rẹ̀ ló wà nínú ìyẹn. Róbótó ni, kò ṣẹ́po bíi mítípáì tiwa. Ìdérí rẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀ etí rẹ̀ díẹ̀, kí ààyè lè wà lókè fún ọbẹ̀, ẹ̀wà inú agolo tàbí ànàmọ́ gígún. Èèpo náà le tó láti gbé e lọ́wọ́, kò sí pé à ń wá àwo. Àwọn oníbúrẹ́dì mú èèpo yìí kan náà, wọ́n fi makaróní sípò ẹran, wọ́n sì ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀ kí wàràkàṣì lè pupa rúsúrúsú nínú ààrò. (Ẹni tí kì í jẹ ẹran ṣì gbọ́dọ̀ béèrè o, torí ọ̀rá ẹran sábà máa ń wà nínú èèpo.)

Àlìkámà nínú àlìkámà kọ́ nìyẹn? Òun ni. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú òtútù ibẹ̀ lóṣù Ṣẹ́rẹ́, èmi ò ní bá wọn jà.

Wọn kì í fi í ṣeré rárá. Ní 2015, nígbà tí Greggs, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó ti Newcastle ní England wá, ní àwọn ò tà á mọ́, ìwé ẹ̀hónú ni wọ́n gbé jáde tí àwọn èèyàn ń buwọ́ lù. Ìdíje páì àwọn ará Skọ́tlándì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 náà sì ya ti makaróní sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ hó omi mílílítà 200 pẹ̀lú ọ̀rá gíráàmù 150, ẹ dà á sórí ìyẹ̀fun gíráàmù 450 oníyọ̀, ẹ fi ṣíbí rò ó pọ̀. Ẹ mọ ọ́n mọ́ ìdí ìgò jáàmù nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí bó bá tutù, yóò máa sán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni èyí tó kàn: ẹ gbé àwọn èèpo náà sínú fìríìjì láìbò wọ́n di ọjọ́ kejì, kí wọ́n gbẹ. Èyí tí kò gbẹ máa ń wó nínú ààrò.

Ẹ bọ makaróní gíráàmù 200, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ nù nígbà tó ṣì le díẹ̀. Ẹ yọ́ bọ́tà gíráàmù 40, ẹ ro ìyẹ̀fun gíráàmù 40 mọ́ ọn, kí ẹ máa da mílíìkì mílílítà 400 sí i díẹ̀díẹ̀. Kó ki dáadáa ni o, èyí tó bá ṣàn yóò rin èèpo. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó ro Cheddar (irú wàràkàṣì kan) tó kan, gíráàmù 200, àti mústádì ṣíbí kékeré kan sí i. Ẹ ro makaróní náà mọ́ ọn. Bí àpòpọ̀ náà bá tutù, ẹ rọ ọ́ sínú èèpo, ẹ wọ́n Cheddar sórí, ẹ yan án ní 200°C fún bí ìṣẹ́jú 25 sí 30.

Ẹ má fi wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà rọ́pò Cheddar. Wàrà kì í yọ́ lórí iná, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i dín. Inú makaróní, gbólógbòló ni yóò wà.