Ṣé wáyà kámẹ́rà àtijọ́ ṣì wúlò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi kámẹ́rà IP (èyí tó ń lo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) rọ́pò kámẹ́rà 6 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Wáyà coaxial, ìyẹn wáyà kámẹ́rà àtijọ́, ti wà nínú ògiri. Ṣé dandan ni kí n fọ́ ògiri láti fi Cat6 (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sí i? (Oníṣòwò, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fọ́ ògiri o. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ EoC (Ethernet over Coax), tó ń jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba inú wáyà coaxial kọjá. Méjì-méjì là ń lò ó: ọ̀kan lẹ́yìn kámẹ́rà, èkejì nídìí swíìṣì PoE (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà gbé iná fún kámẹ́rà). Ẹ óò ra 12 nìyẹn. Kí ẹ rí i pé irú tó ń gbé iná PoE kọjá ni.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ wáyà wò. Ẹ yọ ọ́ lára kámẹ́rà àti DVR (ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀), ẹ so bàbà àárín mọ́ àwọ̀n tó yí i ká ní ìpẹ̀kun kan, kí ẹ fi multimeter (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) wọn ohm, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ní ìpẹ̀kun kejì. RG59 (irú wáyà coaxial kan) oníbàbà gidi tó gùn tó mítà 100 kì í sábà ju nǹkan bí ohm 5 lọ. Bó bá ju 20 lọ, ẹ má lò ó. Ibí gan-an ni wàhálà wà: irin tí wọ́n fi bàbà bò ni ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú. Lọ́sàn-án, kámẹ́rà á ṣiṣẹ́. Bílẹ̀ bá ṣú tí iná infrared rẹ̀ (iná tó fi ń ríran lóru) tàn, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní tó mọ́, á wá máa kú, á máa jí.

Ẹ yọ gbogbo ìsopọ̀ àárín ọ̀nà àti páwà 12 V àtijọ́. BNC (orí tí a fi ń so wáyà coaxial) tó bá ti dípẹtà, ẹ gé e, ẹ fi tuntun sí i. Wáyà tó bá gba ìta kọjá nílò ààbò mànàmáná tí a so mọ́ wáyà earth.