Radiohead: má bẹ̀rẹ̀ láti Kid A o, mo ti jìyà ẹ̀ rí

Àbúrò, o ní Creep nìkan lo tíì gbọ́ nínú orin Radiohead, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó dùn mọ́ ẹ, o wá ń bèèrè pé nínú àwo wọn OK Computer àti Kid A, èwo ló yẹ kó o mú tẹ̀ lé e, kí kálukú sì dárúkọ orin kan tó fẹ́ràn jù. Mo rí i pé àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń ti Kid A sí ẹ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, má dá wọn lóhùn. Èmi dá wọn lóhùn nígbà tèmi. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin yìí, wọ́n ní bí o ò bá gbọ́ Kid A o ò tíì gbọ́ nǹkan kan, mo bá lọ yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ń retí gìtá, ẹ̀rọ ló ń dún bíi fìríìjì tó fẹ́ kú, ohùn Thom Yorke, akọrin wọn, wá ń jáde ní gígé-gígé, ọjọ́ kejì ni mo dá a padà, ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó tún fetí sí àwọn èèyàn yẹn. Ọdún mẹ́ta! Àwo ńlá ni lóòótọ́ o, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé.

Àwo wọn In Rainbows ló dá mi padà. October 10, 2007 ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní iye tó bá wu èèyàn ni kó san. Èmi tí mi ò ní káàdì báńkì kankan, mo kọ òdo síbẹ̀, ojú ò tì mí. Orin 10, inú fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní zip ni wọ́n dì í sí. Ibẹ̀ nìyà ti bẹ̀rẹ̀. Kafẹ́ kan l'Ágbowó, n'Ìbàdàn, ni mo ti sanwó òru mọ́jú, owó oúnjẹ mi ni o. Alẹ́ àkọ́kọ́, ó ku díẹ̀ kó parí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, zip tí ò bá sì pé kì í ṣí. Alẹ́ kejì ó parí! Mo ń wá fláàṣì nínú báàgì ni wọ́n mú iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà ti kú, nígbà tó tún tan ó ń wò mí bíi pé kò mọ̀ mí rí: wọ́n ti fi nǹkan kan sínú ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ti kú, gbogbo ohun tó o kó síbẹ̀ ti pòórá. Mo lọ bá ẹni tó ń mójú tó ibẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ní ṣé mi ò ka ohun tí àwọn lẹ̀ mọ́ ògiri ni. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lára ògiri yẹn! Ó ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Alẹ́ kẹta ni mo tó rí i gbà, fáírọ́ọ̀sì sì bá fláàṣì yẹn délé.

Ẹ̀yin ìsinsìnyí, orí fóònù ló wà, ẹ mọ ìyẹn. Ṣáà gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe tò ó. 15 Step ló ṣáájú, ẹsẹ̀ ẹ á máa ṣìnà torí márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka ìlù ẹ̀, má bínú sí i. Bó o bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já pẹ̀lú ẹnì kan, má sún mọ́ True Love Waits rárá. Láti 1995 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lórí ìtàgé, 2016 ni wọ́n tó ṣe é ní sítúdíò, sínú àwo A Moon Shaped Pool, dùùrù ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ìyá tó jókòó tì mí ń bi mí pé ta ló kú.

Háà, OK Computer lo bèèrè. Mú un ṣáájú Kid A, 1997 ni, gìtá ṣì kún inú ẹ̀ dáadáa, Let Down á yé ẹ kíákíá. Orin tèmi ni Reckoner. Orin keje ni nínú In Rainbows, àmọ́ òun ni mo kọ́kọ́ gbọ́, torí nígbà tí zip yẹn ṣí ní aago mẹ́rin ìdájí, oorun ti ń kùn mí, mo ṣì í tẹ̀.