Ṣé hólógíráàmù lè dọ̀bálẹ̀ fún àna?

Ìbéèrè ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó rèé: ìdána rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Kánádà, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ò sì tíì jáde. Àwọn kan tó ń ṣètò òde wá sọ fún wọn pé àwọn lè gbé "hólógíráàmù" ọkọ, ìyẹn àwòrán rẹ̀ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ gbé dúró, wá sójú agbo, kó dọ̀bálẹ̀ fún àna bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ yarí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ní ṣebí Yorùbá ló sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà, kí ló wá burú bó bá jẹ́ àwòrán ló dọ̀bálẹ̀? Ọmọ wá ń béèrè ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ túmọ̀ sí gan-an, àti bóyá ẹ̀rọ lè ṣe é.

Ibi òwe yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n lò ó lódì. Ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ni òwe náà ń kìlọ̀ fún, pé kó má fi ìyẹn mọ inú ẹni. Kò sọ fún ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ pé kó dúró ṣánṣán. Kí àfẹ́sọ́nà kan wọlé sí agboolé kan ní Ìjẹ̀bú, kó na ọwọ́ sí bàbá ìyàwó bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kó wá pa òwe yẹn, ká wo ohun tójú rẹ̀ máa rí.

Ní ìdána, ọkọ kì í dá wọlé. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, alága ìjókòó á dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbowó lọ́wọ́ wọn, á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó ráyè dojú bolẹ̀. Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ẹni tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè nítorí agbádá olówó ńlá, alága á ní kí gbogbo wọn tún un ṣe. Ohun tó ń tẹ̀ lé ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fiyè sí. Wọn kì í dá ara wọn dìde. Ilẹ̀ ni wọ́n máa wà títí àna á fi ní kí wọ́n dìde. Wọ́n á pe ọkọ sún mọ́ ọn, á kúnlẹ̀, bàbá àti ìyá ìyàwó á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á sì dì mọ́ ọn. Àlejò ló dọ̀bálẹ̀, ọmọ ilé ló dìde. Ẹ rí i pé ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àna ló wà: ọkọ ló ń lọ sílẹ̀, àwọn ló ń gbé e dìde. Ọwọ́ wọn sì gbọ́dọ̀ rí orí bà lé.

A rí irú ẹ̀ nínú Ojúde Ọba, ọdún ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, tí Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní 2025 sọ dọ̀tun, máa ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ́ láti wá júbà ọba. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé e, fóònù ń gbé e, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí i ju ẹni tó dúró létí pápá lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé.

Ní ti ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kì í ṣe hólógíráàmù rárá. Fídíò ni wọ́n máa ń tàn sára aṣọ àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí sára gíláàsì tí wọ́n gbé ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣókùnkùn, ojú á sì máa rò pé èèyàn dúró sínú afẹ́fẹ́. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. John Henry Pepper ti fi gíláàsì gbé iwin jáde lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1862. Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìdọ̀bálẹ̀ sí i. Bí ọkọ bá dọ̀bálẹ̀ níwájú kámẹ́rà ní Kánádà, orí àti èjìká rẹ̀ ni kámẹ́rà máa rí. Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ á fara pa mọ́ sẹ́yìn orí. Bàbá ìyàwó tó jókòó sí ọ̀gangan iwájú lè gbà pé ìdọ̀bálẹ̀ lòun ń wò. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà ní igun ọ̀tún, tó yẹ kó máa rí i láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, orí àti èjìká kan náà ló máa rí, tí wọ́n ti fún pọ̀ tín-ín-rín. Kò sí bó ṣe lè na ọrùn tó, kò ní rí ẹ̀yìn etí ọkọ, torí kò sí ẹ̀yìn etí kankan níbẹ̀.

Hólógíráàmù gidi ní ẹ̀yìn etí. Dennis Gabor, ọmọ Họ́ńgárì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ronú kàn án ní 1947, níbi tó ti ń wá bí ẹ̀rọ awò tó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe máa ríran dáadáa sí i. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1971. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lágbára tó nìkan ni kámẹ́rà lásán ń gbà sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sì ń rìn bí ìgbì, ibi tí ìgbì náà bá dé nínú lílọ sókè-sódò rẹ̀ ló ń sọ bí ọ̀nà tó rìn ṣe jìn tó, ìyẹn sì ni kámẹ́rà ń sọ nù. Ohun tí Gabor ṣe ni pé ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ mìíràn, tí a mọ bó ṣe ń rìn, pàdé èyí tó ti ara nǹkan bọ̀. Ẹni tó bá ju òkúta méjì sínú odò tó pa rọ́rọ́ ti rí i: níbi tí òrùka omi méjèèjì bá ti pàdé, ilà á hàn níbẹ̀. Àwọn ilà bẹ́ẹ̀ ni hólógíráàmù ń tọ́jú. Iṣẹ́ náà ò gbérí dáadáa títí ìmọ́lẹ̀ lésà, tí ìgbì rẹ̀ ń rìn ní ìṣọ̀kan, fi dé ní 1960, tí Emmett Leith àti Juris Upatnieks sì lò ó ní Michigan láti gba àwòrán tí èèyàn lè yọjú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gé irú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan ṣì ń fi gbogbo ìran náà hàn, àmọ́ ibi tí èèyàn lè gbà yọjú wò ó á dín kù. Àmì dídán kékeré tó ń yí àwọ̀ lára àwọn káàdì ATM kan, ẹbí rẹ̀ ni.

Láyé ìsinsìnyí, kámẹ́rà oní-kọ̀ǹpútà lè gba àwọn ilà yẹn láìsí pé a ń fọ fíìmù. Ulf Schnars àti Werner Jüptner ní Jámánì ṣe é ní 1994. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ì bá ṣe rìn láti ara ilà náà, á sì yọ ìmọ́lẹ̀ tó ń dí ojú kúrò. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé nínú ẹyọ kan tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n lè ní kí ohun tó wà níwájú mọ́ kedere, kí wọ́n tún padà ní kí tẹ̀yìn mọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìgbì lésà pupa tí wọ́n sábà ń lò kéré débi pé ó lé ní 1,500 tó lè tò sínú mìlímítà kan. Àwọn ilà náà lè fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ojú kámẹ́rà ò sì mọ́ tó wọn, torí náà ohun kékeré tàbí ohun tó jìnnà ló ń rí gbà, ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé e jáde náà sì ní ìṣòro kan náà. Bí ọkọ bá mí lásán, ilà ti dàrú. Àfi lésà tó ń kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló lè mú un. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun máa gbé hólógíráàmù ọkọ, ní ìwọ̀n gidi, tó ń lọ tó ń bọ̀, láti Kánádà wá sí gbọ̀ngàn yín, ẹ ní kó rọra.

Bàbá tọ̀nà, kì í sì í ṣe torí pé ẹ̀rọ jẹ́ èèmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdána ni ọkọ ò ti sí nílé, tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, tí àbúrò rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ọkọ ni ìyàwó kúkú ń pè ní ọkọ. Kí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, kí àna gbọ́wọ́ lé e lórí, kí ọkọ fúnra rẹ̀ wà lórí fídíò fóònù kó máa ṣàmín. Fìlà tí ìyàwó máa ń dé fún ọkọ, ẹ fi í pa mọ́ dè é. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ náwó sí ẹ̀rọ yẹn, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí jíjẹ mímu bá bẹ̀rẹ̀, kó jáde wá jó, kí àwọn èèyàn máa yà á ní fọ́tò; àwa Ìjẹ̀bú kọ́ la máa ní kí òde má dùn. Bí ìwé ìrìnnà bá sì wá jáde, Ìjẹ̀bú-Igbó ni kó kọ́kọ́ yà, kó wọ aṣọ tí kò ní máa bẹ̀rù eruku.