Èsì: Lílo ẹ̀rọ AED fún ẹni tí ara rẹ̀ rin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá a lè lo AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi tí kò sì mí mọ́. A lè lò ó, kódà bí òjò ń rọ̀. Ẹ ṣáà gbé e kúrò nínú omi, kí ẹ sì nu àyà rẹ̀ gbẹ kíákíá. Àyà tó rin gan-an ni ìṣòro: páàdì, ìyẹn ohun alẹ̀mọ́ méjì tí iná ẹ̀rọ náà ń gbà wọ ara, kò ní lẹ̀, iná á sì gba ojú omi kọjá láti páàdì kan sí èkejì dípò kó dé ọkàn. Ilẹ̀ irin pàápàá kò burú, bí páàdì kò bá ti kan irin.

Àmọ́ ẹni tó mumi, èémí ló kọ́kọ́ nílò. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ wá máa tẹ àyà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹlòmíràn ni kó lọ gbé ẹ̀rọ wá, kó sì pe 112.

Bí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹni náà (àwọn ẹbí tó ń sunkún lẹ máa ṣọ́ jù). Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí, ẹ gbé ọ́síjìn náà jìnnà sí i tó mítà kan.