Ọjọ́ mẹ́ta ní Paris pẹ̀lú àwọn ọmọ: kí la máa mú, kí la máa fi sílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Peckham ní London là ń gbé níbí, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta: ọkùnrin ọmọ ọdún 11, obìnrin ọmọ ọdún 8, àti àbíkẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. A fẹ́ kó wọn lọ sí Paris nígbà ìsinmi àárín táàmù, ọjọ́ mẹ́ta péré, torí iṣẹ́ kò gbà wá láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dádì wọn ti kọ ibi 14 sílẹ̀ tó fẹ́ ká dé, títí kan ààfin Versailles. Ẹ̀rù ń bà mí. Pásípọ́ọ̀tù UK ni tòun àti tàwọn ọmọ, ti Nàìjíríà ṣì ni tèmi, ṣùgbọ́n mo ti ní ìwé ìgbélùú UK. Ṣé ìyẹn tó? Oúnjẹ ńkọ́, ṣé mo lè gbé kúlà ìrẹsì dání? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mi ò fẹ́ ká náwó tán, kí àwọn ọmọ wá máa sunkún pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ìmúrasílẹ̀. Ó dára bí o ṣe béèrè kí owó tó jáde lápò.

Ọ̀rọ̀ físà ni ká kọ́kọ́ mú kúrò ńlẹ̀, torí òun ló lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ìwé ìgbélùú UK kò tó láti wọ Faransé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lo mú dání, o gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìyẹn físà àjọlò Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó bá a dòwò pọ̀, bí ọkọ àti ọmọ rẹ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ UK. Yúrò 90 ni fún àgbà, láìka owó àwọn tó ń bá wọn gba ìwé. O lè fìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Má jẹ́ kó dé orí ọjọ́ 15 yẹn rárá. Nígbà ìsinmi ọmọléèwé, gbogbo ìyá ló ń wá ààyè láti fìwé sílẹ̀, ó sì máa ń tán. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó lè san yúrò 30,000 ó kéré tán bí àìsàn bá dé. Òtẹ́ẹ̀lì tó máa dá owó padà bí físà kò bá jáde ni kí o mú.

Ní ti àwọn yòókù, pásípọ́ọ̀tù dádì wọn kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún 10 lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ti gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 3 nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa padà. Yẹ tàwọn ọmọ wò lónìí, torí ọdún 5 péré ni tiwọn máa ń lò.

Kúlà rẹ ńkọ́? Láti ìgbà tí UK ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, wọn kò gbà ká gbé ẹran tàbí wàrà wọ ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù lásán lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n kí adìyẹ díńdín dúró sílé. Púfúpúfù lèmi máa ń dín sínú ike kan fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àárò oúnjẹ ilé bá ń sọ yín, ẹ lọ sí Château Rouge. Ibẹ̀ ni ọjà àwọn èèyàn Áfíríkà wà: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata rodo, ẹja lóríṣiríṣi, ibùdókọ̀ méjì péré sì ni láti Gare du Nord, ibùdó rélùwéè tí ẹ máa sọ̀ sí.

Rélùwéè ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe bàálù. Láti ibùdó rélùwéè St Pancras ní London dé Gare du Nord kò ju wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú bí 20 lọ, àárín ìlú gan-an ló sì máa já yín sí. St Pancras níbí ni àwọn Faransé ti ń wo pásípọ́ọ̀tù, nítorí náà ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú. Wá òtẹ́ẹ̀lì sí ìtòsí ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 4, kó jìnnà díẹ̀ sí Gare du Nord fúnra rẹ̀. Ọ̀nà 4 yìí gba Gare du Nord, ó gba Château Rouge, ó gba Cité níbi tí Notre-Dame wà, ẹ kò ní máa pààrọ̀ ọkọ̀ kiri. Àtẹ̀gùn pọ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọn o, ẹ̀rọ agbéniròkè kò sì tó nǹkan. Bí o bá ń ti ọmọ ọdún 3 nínú kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ ó sì máa rí ìlú bí ẹ ṣe ń lọ.

Ó wá ku ibi 14 yẹn. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, ibi 7 la fẹ́ dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọ mi obìnrin nígbà náà. Nígbà tí a fi máa tò dé iwájú àwòrán Mona Lisa nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Àwòrán náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 77, ó fẹ̀ ní 53, ó wà lẹ́yìn gíláàsì, gbogbo èrò tó wà níwájú wa sì gbé fóònù sókè. Bàbá rẹ̀ gbé e lé èjìká kó lè rí i. Ó wò ó títí, ó ní, “Dádì, ó kéré. Ṣé ká máa lọ sílé?” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó na ẹsẹ̀ sí mi. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ká jọ sábẹ́ gìgísẹ̀, ibẹ̀ sì ti bó. Orí egbò yẹn ló ti ń rìn láti àárọ̀, kò sọ fún wa, torí ó rí i pé à ń kánjú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan méjì la máa ń ṣe lóòjọ́: ọ̀kan láàárọ̀ tí àgbà mú, ọ̀kan lọ́sàn-án tí ọmọ mú. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan mẹ́fà nìyẹn, ó sì tó. Sọ fún dádì wọn pé kí Versailles dúró di ọjọ́ mìíràn. Òun nìkan máa jẹ odidi ọjọ́ kan, ọmọ ọdún 3 kò sì ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ilé ìṣọ́ Eiffel kò ṣeé yọ sílẹ̀, àwọn ọmọ kò ní dárí jì yín. Ó ga ní mítà 330, ọdún 1889 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ni tíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń jáde, ẹ tètè mú un. Jẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ àti bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ gba àtẹ̀gùn 674 lọ sí àjà kejì. Owó rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ agbéniròkè, ọmọ náà á sì máa ròyìn rẹ̀ kiri iléèwé. Kí ìwọ àti àwọn kékeré dúró sísàlẹ̀ nídìí ẹṣin onígi tó ń yí po. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ lọ dúró ní Trocadéro lódìkejì odò. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé ìṣọ́ náà á máa tàn yanran fún ìṣẹ́jú 5, ẹnikẹ́ni kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀fẹ́ náà ni wíwọ Notre-Dame. Iná tó jó o ní oṣù kẹrin 2019 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run, oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣí. Òkúta inú rẹ̀ ti wá funfun báyìí, bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ́ ọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà Luxembourg. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré onígi háyà níbẹ̀, ọmọ á fi ọ̀pá tì í lójú adágún, atẹ́gùn á gbé e lọ, òun náà á sáré yípo lọ pàdé rẹ̀. Wákàtí méjì ni àbúrò ọmọ mi obìnrin yẹn lò nídìí rẹ̀, mo sì ráyè na ẹsẹ̀ lórí àga.

Ní ti Louvre, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ jù lọ nìyí. Ìgbà kejì tí a padà lọ, a kò yà sọ́dọ̀ Mona Lisa. Apá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà sí, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2000, la lọ tààrà. Ère Ògún wà níbẹ̀. Gu ni àwọn Fọ̀n ń pè é. Akati Ekplekendo ló rọ ọ́ láyé ọba Glele ti Dàhọ̀mì, ìjọba àtijọ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, irin ni látòkè délẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èmi fúnra mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró lórí ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbéra, fìlà orí rẹ̀ sì kún fún ohun èlò irin wẹ́wẹ́ tó nàró sókè. Ọmọ mi tí ẹsẹ̀ ń dùn níjọ́sí dúró síbẹ̀, ó ń ka àwọn irin orí fìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Mọ́mì, ta ló gbé e wá síbí?”

Mo sọ fún un pé àwọn Faransé ló kó o lẹ́yìn tí wọ́n bá Béhanzin, ọmọ Glele tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, jagun, ó sì dé Paris ní 1894. Mo sọ fún un pé ìyá ìyá mi wá láti Kétu, pé ọmọ ogun Glele yìí kan náà ló fọ́ Kétu ní 1886, síbẹ̀ Ògún yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilé wa ń bọ. Ó béèrè bóyá wọ́n máa dá a padà. Mo ní 26 lára ohun tí wọ́n kó láàfin àwọn ọba Dàhọ̀mì ní Abomey ti padà sí orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù kọkànlá 2021, ṣùgbọ́n kò sí èyí lára wọn. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi báírò ya fìlà náà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ó ṣì wà lára fíríìjì wa.

Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kì í sanwó ní Louvre, ṣùgbọ́n ẹ gba àkókò fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tiyín. Láti oṣù kìíní 2026, yúrò 32 ni ti àgbà tó bá ti UK wá. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Tuesday. Ọjọ́ Wednesday àti Friday, aago 9 alẹ́ ni wọ́n ń tì, ìrọ̀lẹ́ méjèèjì yẹn ló sì dáa jù.

Ohun kan tún wà. Kí o kí wọn o. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ ilé búrẹ́dì, mo ní kí wọ́n fún mi ní mẹ́rin. Obìnrin náà wò mí, kò mira, ó wá rọra ní “Bonjour, madame.” Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, torí bí ìyá mi ṣe máa wo ọmọ tó bá wọlé tí kò kúnlẹ̀ nìyẹn. Kọ́ àwọn ọmọ kí ẹ tó lọ: tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀sì, òtẹ́ẹ̀lì, “Bonjour” ló ṣáájú ohunkóhun. Àbíkẹ́yìn mi ń kí wọn kiri, wọ́n sì ń fún un ní bisikí.

Àwọn jàgùdà wà o. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ṣe fẹ́ pa dé ni wọ́n yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì ọkọ mi, kí ó tó yíjú, ọkọ̀ ti gbéra. Báàgì yín, àyà ni kó wà. Ẹni tó bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i nítòsí Eiffel, tàbí tó fẹ́ so okùn mọ́ ọmọ lọ́wọ́ níbi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur, ẹ má dúró.

Omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu, ẹ gbé ike omi tiyín dání. Nílé oúnjẹ, “carafe d'eau” ni kí o béèrè, ìyẹn jọ́ọ̀gì omi ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni.

Bí o bá ti kó àwọn ìwé físà rẹ jọ, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó lọ fi wọ́n sílẹ̀. Màá bá ọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.