Ta ló ń gba owó oúnjẹ ilé yín?

Bíríkìlà kan kọ̀wé láti Àjáh. Ó ti lo ọdún mẹ́rin l'Ékòó, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wà n'Ísẹ́yìn. Kì í jẹ́ kí oṣù kan lọ láìfi 40,000 náírà ránṣẹ́, ó wá ń bi mí bí òun ṣe máa ṣe é tí ìyàwó òun á fi máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sílẹ̀ ná. Nínú lẹ́tà yín, ẹ fẹnu bà á gẹ́rẹ́ pé àkáǹtì ẹ̀gbọ́n yín lowó ń wọ̀, pé òun ló ń ṣẹ́ ẹ fún ìyàwó yín díẹ̀díẹ̀. Abiyamọ ń tọrọ owó iyọ̀ lọ́wọ́ àna, ẹ sì ń bi mí ìdí tó fi ń kanra! Bí ara ọmọ bá gbóná lóru ńkọ́? Kó tó pé ọjọ́ kan ló yẹ kí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ibà fún un. Ṣé kó dúró dìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá toko dé ni?

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé kó gba NIN, kó fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ síìmù sílẹ̀, kó wá kó méjèèjì lọ sí báǹkì láti ṣí àkáǹtì tiẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni káàdì àti PIN máa wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọwọ́ oní-POS.

Owó ìparí oṣù yẹn gan-an ò bá oko mu. Àgbàdo ń fẹ́ ríro ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbìn ín, àti ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ro ó ti wà l'Ékòó, alágbàṣe ló kù, ó sì fẹ́ gbowó ọwọ́. Bí owó bá fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, koríko ti bo oko. Ìyẹn ló gbé ọmọ ọdún 14 yín kúrò ní kíláàsì tẹ́ ẹ fi ní ó "ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́." Iṣẹ́ yín ló ń ṣe o! Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gbin àgbàdo ni kẹ́ ẹ fi owó ríro ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí àgbàdo bá wọ́pọ̀, ẹ fi lé owó náà kó lè ra àpò kan sílẹ̀, kó sá a gbẹ dáadáa kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ni tilé máa ń tán nígbà tí toko ò tíì gbó.

Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín fúnra yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé owó ò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ má rán ìyàwó yín níṣẹ́ yẹn.